Ẹ Má Na Ọmọ Nítorí Àwọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí ojú rí, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Bóyá ni ibi kan wà tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó ìdí òfì ní ìlú Ìlọrin. Oníbàárà a dé, a ní aṣọ pupa ni òun fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ òun. Ahunṣọ kò ní tíì fọwọ́ kan òwú, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Pupa wo? Ṣé pupa osùn ni, àbí pupa obì, àbí pupa epo?" Bí oníbàárà náà bá jẹ́ ẹni tí ó mọ ọ̀nà ọjà, kò ní fi ẹnu dáhùn rárá. Yóò tú àpò rẹ̀, yóò mú ègé aṣọ kékeré kan jáde, yóò ní, "Bí èyí." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ìbéèrè ahunṣọ yìí kéré létí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn. Bí ènìyàn méjì bá jókòó ti aṣọ kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì sì pè é ní pupa, ta ni ó lè búra pé ohun kan náà ni ojú wọn ń rí? Ènìyàn lè yá ẹ̀wù wọ̀, ó lè yá owó ná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yá ojú ẹlòmíràn fi wòran. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó kan ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń nà ní pàṣán nítorí pé ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kun ewé igi. Ó kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè ní dìndìnrìn nítorí pé òwú tí wọ́n rán an kọ́ ni ó mú wá. Ó tọ́, nígbà náà, kí tọmọdé tàgbà mọ ibi tí ìyàtọ̀ ti ń wá: ṣé ẹnu ni, ṣé ìmọ́lẹ̀ ni, àbí ojú gan-an?

Ẹnu ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni àwọn baba ńlá Yorùbá fi sílẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Ẹyẹ mẹ́ta ni wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́rìí wọn. Agbe ni wọ́n gbé aró fún, wọ́n gbé osùn fún àlùkò, wọ́n sì fi ẹfun sílẹ̀ fún lékeléke. Ṣùgbọ́n ilé ńlá ni orúkọ kọ̀ọ̀kan, yàrá inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa. Ohun tí ó wà láàrin ẹyin adìẹ, pupa ẹyin ni orúkọ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà ń jẹ́ ilẹ̀ pupa. Ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ a sì máa jẹ́ ọmọ pupa. Kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣì í mú fún ẹyin. Bákan náà ni dúdú: èédú dúdú, aṣọ aró dúdú, igbó tí òjò ti rọ̀ sí títí tí ewé rẹ̀ fi bo ilẹ̀ dúdú pẹ̀lú.

Nítorí irú ìpè bẹ́ẹ̀, àwọn Òyìnbó kan ti fi ìgbà kan rò pé ẹni tí orúkọ àwọ̀ rẹ̀ bá kéré, ojú rẹ̀ ni kò tíì là. Ní 1858, William Gladstone, ẹni tí ó wá di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, kọ̀wé lórí Homer, akéwì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Ó ṣàkíyèsí pé Homer fi òkun wé wáìnì, pé kò sì sí orúkọ gúnmọ́ fún àwọ̀ ojú ọ̀run nínú ewì rẹ̀. Ó wá parí èrò sí i pé ojú àwọn ará ìgbà náà kò tíì gbó fún wíwo àwọ̀. Ní 1898, W. H. R. Rivers lọ sí àwọn erékùṣù Torres Strait, láàrin Ọsirélíà àti New Guinea, ó sì dán ojú àwọn ará ibẹ̀ wò. Òun náà rò pé àìní orúkọ gidi fún àwọ̀ aró ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ojú wọn kò ṣe mú tó fún un. Ó di 1969 kí Brent Berlin àti Paul Kay, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tó tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀nà tí èdè ń gbà sọ àwọ̀ lórúkọ ní ìlànà. Wọ́n ní bí èdè kan bá ní orúkọ méjì péré, ti funfun àti ti dúdú ni. Bí ó bá ní mẹ́ta, pupa ni ìkẹta. Mẹ́ta tí Yorùbá ní bá ìlànà náà mu wẹ́kú. Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu apá kan ìwé náà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ẹni tí kò ní orúkọ fún àwọ̀ kan kò lè rí i kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ì bá ti dá àwọn Òyìnbó náà lóhùn láì jáde nílé. Bí aṣọ bá ń jáde bọ̀ láti inú ìkòkò aró ẹ̀lú, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tí ó fẹ́ rọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di aró. Bí wọ́n bá rì í lẹ́ẹ̀kan, yóò rí rẹ́súrẹ́sú; bí wọ́n bá rì í léraléra, yóò dúdú kirikiri. Gbogbo ìpele wọ̀nyí ni aláró ń fi ojú ṣọ́, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáwọ́ dúró. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ju àwọ̀ mẹ́ta lọ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èdè náà kò sì tálákà. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú, funfun báláú kì í sì í ṣe funfun lásán. Bí èyí kò bá tó, Yorùbá a fi àwọ̀ wé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ eérú. Nídìí òfì pàápàá, orúkọ aṣọ ti gba iṣẹ́ orúkọ àwọ̀ ṣe. Ẹtù, tí ó bá ẹyẹ ẹtù jẹ́ orúkọ, ni aṣọ aró. Sányán ni èyí tí wọ́n fi òwú tí kòkòrò inú igbó ń ta hun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ gbígbẹ. Àlàárì ni èyí tí ó pọ́n, tí òwú sẹ́dà rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Lántànà, òkúta tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin ń gé, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n sì ń dán ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pupa ni; iyùn pẹ̀lú, pupa ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan nínú wọn kì í béèrè ìlẹ̀kẹ̀ pupa; orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó ń pè.

Èyí kò wí pé ẹnu kò ní agbára kankan lórí ojú. Ìlọrin gan-an jẹ́ ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Tápà àti Bàrùbá ti jùmọ̀ ń gbé láti ìran dé ìran. Bí aṣọ méjì bá wà lórí àtẹ kan, ẹni tí ń sọ Haúsá lè pe èyí tí ó jọ ewé ní kore, kí ó sì pe èyí tí ó jọ aró ní shuɗi, kí ìyá àgbà Yorùbá tí ó dúró tì í sì pe méjèèjì ní dúdú láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2007, Jonathan Winawer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ń sọ èdè Rọ́ṣíà, níbi tí orúkọ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ti yàtọ̀ pátápátá sí ti aró tí ó ṣú. Wọ́n rí i pé àwọn wọ̀nyí máa ń tètè ya àwọ̀ méjì sọ́tọ̀ bí orúkọ wọn bá yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó sì rí láàrin àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyára díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ahọ́n lè tọ́ka ọ̀nà fún ojú. Kò lè fọ́ ọ, kò sì lè là á.

Ohun kejì ni ìmọ́lẹ̀. Kò sí ìyá aláṣọ tí kò mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n rà lábẹ́ iná lè tan ni jẹ. Ìdí nìyí tí oníbàárà tí ó mọ̀ ọ́n rà fi ń gbé aṣọ síta kí oòrùn lè tàn sí i. Ọpọlọ ènìyàn a máa ṣírò ìmọ́lẹ̀ mọ́ ohun tí ojú rí, ìṣirò ẹni méjì kì í sì í bára dọ́gba nígbà gbogbo. Ní oṣù kejì ọdún 2015, àwòrán ẹ̀wù obìnrin kan láti Scotland tàn ká gbogbo ayé. Àwọn kan búra pé funfun àti àwọ̀ wúrà ni. Àwọn mìíràn búra pé aró àti dúdú ni. Àwọn tí ó jọ wà nínú yàrá kan náà, tí wọ́n jọ ń wo àwòrán kan náà, kò gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀wù náà gan-an, aró àti dúdú ni. Ojú wọn kò ní àbùkù. Bí ọpọlọ kálukú ti ṣírò ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán náà ni ó yàtọ̀.

Ohun kẹta, tí ó ṣe kókó jù, ni ojú gan-an. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-tìn-tín wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba àwọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì dà bí ààrò mẹ́ta tí ìkòkò ń gúnlẹ̀ lé. Bí ọ̀kan bá sọnù, tàbí tí kò ṣe déédéé, ìkòkò kò ní jókòó bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó rí bẹ́ẹ̀ yóò máa ríran kedere, yóò ka ìwé, yóò rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ewé yóò máa jọra lójú rẹ̀. John Dalton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé kíkún nípa irú ojú bẹ́ẹ̀, ní 1794. Ojú ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ. Ó rò pé omi inú ojú òun ni ó ní àwọ̀ aró, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí òun bá kú. Ó kú ní 1844. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ojú náà pa mọ́. Nígbà tí ó di 1995, àwọn onímọ̀ yẹ ohun àjogúnbá inú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú ààrò mẹ́ta náà ni kò sí níbẹ̀.

Àjogúnbá ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí ó ń gbà sì ṣàjèjì. Ọkùnrin tí ó ní i kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ń gbé e, tí ojú ọmọbìnrin náà kì í sábà ní àbùkù kankan, kí ó tó tún hàn lára ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin náà bí. Nítorí náà ni ó fi pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàrin àwọn ìran àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 8 nínú 100 ni ó ní i, obìnrin kò sì tó 1 nínú 100. Láàrin àwọn ènìyàn dúdú, iye náà kéré sí i, ṣùgbọ́n ó wà. Agbára káká ni ilé-ìwé ńlá kan kò fi ní ní díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹ̀sùn sí ìyá ọmọ lọ́rùn. Ìyá kò mọ̀ pé òun gbé e. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe iṣẹ́ orogún, kì í sì í ṣe èpè.

Àgbà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, dígí inú ojú a máa pọ́n rúsúrúsú díẹ̀díẹ̀, aró àti dúdú a sì máa ṣòro láti yà. Claude Monet, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, rí ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 1923, àwọ̀ aró tí ó ti pàdánù padà wá bá a. Nítorí náà, bí bàbá àgbà bá ní fìlà dúdú ni, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ní fìlà aró ni, kì í ṣe pé ọmọ náà ṣe àfojúdi. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òtítọ́.

Orúkọ mẹ́ta tí Yorùbá ní, tí kò ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́, lè wá di ìbòjú fún ọmọ tí a bí ìyàtọ̀ yìí mọ́. Nínú ilé, bí ó bá pe osùn ní pupa, ó gbà á; bí ó bá pe epo ní pupa, ó gbà á; bí ó bá pe obì ní pupa, ó gbà á. Àṣìṣe rẹ̀ kò lè hàn níbi tí ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí ó ń dàrú mọ́ ọn lójú ti ń jẹ́ orúkọ kan. Bóyá oko ata ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Nínú èdè Yorùbá, èso tí ó gbó àti ohun tí ó pupa, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ó pọ́n. Bí wọ́n bá rán an pé kí ó ká ata tí ó pọ́n, yóò ká èyí tí kò tíì pọ́n mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ yóò sì ní ó ya ọ̀lẹ. Ọjọ́ tí ó bá dé ilé-ìwé ni àṣírí máa ń tú pátápátá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè orúkọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ní kí ó kun àsíá Nàìjíríà, tí í ṣe àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Bí ó bá kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀, pàṣán ni. Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ṣe oríkunkun. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kùn. Bí wọ́n bá nà án, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni yóò kọ́ níbẹ̀: kí ó máa purọ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó máa yọjú wo ìwé ọmọ tí ó jókòó tì í kí ó tó dáhùn.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ojú tí ó yàtọ̀, nígbà tí ojú kò ṣeé yá? Ìdáhùn ti wà nídìí òfì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1875, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Lagerlunda ní ilẹ̀ Sweden. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frithiof Holmgren fura pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ má lè dá àwọ̀ àmì ojú ọ̀nà mọ̀. Ó kó òwú irun àgùntàn aláwọ̀ oríṣiríṣi jọ, ó na ọ̀kan sókè, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣa àwọn tí ó jọ ọ́. Kò béèrè orúkọ. Ó mọ̀ pé orúkọ a máa tan ni jẹ, pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá àwọ̀ mọ̀ lè ti kọ́ orúkọ gbogbo wọn sórí. Ní 1917, Shinobu Ishihara, dókítà ará Jàpáànì, ṣe ìwé kan tí àmì róbótó aláwọ̀ kún inú rẹ̀, tí nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàrin wọn. Ó wà lára ohun tí àwọn dókítà ojú ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n "Bí èyí" tí oníbàárà Ìlọrin ń wí, bí ó ti ń na ègé aṣọ sí ahunṣọ, ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ti Holmgren: fi ohun wé ohun, má fi ẹnu wé ẹnu.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò nira. Kí olùkọ́ tí ó ní ọmọ tí ń ṣi àwọ̀ mú gbé pàṣán sílẹ̀. Kí ó kó òwú tàbí ègé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú ọmọ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó sì ní kí ó kó àwọn tí ó jọra pọ̀. Bí ọmọ náà bá kó àwọ̀ ewé mọ́ pupa tàbí mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n pe òbí rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú fún àyẹ̀wò tòótọ́. Kí ọ̀gá ahunṣọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá gbà á, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta èébú. Kí òbí má sì náwó fún ẹni tí ó bá ní òun ní àgbo fún un. Èyí tí a bí mọ́ ènìyàn kò tíì ní oògùn tí àwọn dókítà ń fún ni. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń béèrè ojú tí ó dá àwọ̀ mọ̀, bí i wíwa ọkọ̀ òfurufú. Ó sàn kí ọmọ mọ̀ nígbà èwe ju kí ó mọ̀ lẹ́yìn tí owó ilé-ìwé ti run lọ. Bí ó bá sì dàgbà tí ó ń wa mọ́tò, kí wọ́n kọ́ ọ pé nínú iná ojú pópó tí ó dúró lóòró, ti òkè ni ìdúró, ti ìsàlẹ̀ ni ìlọ.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní bí irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ bá gbilẹ̀, gbogbo ọ̀lẹ ni yóò máa sọ pé ojú òun kò dá àwọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni ó lè ya ọ̀lẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀; pàṣán kò lè ṣe é. Pàṣán kì í ríran.

Bóyá pupa tí ẹnì kan ń rí ni ẹnì kejì ń rí, kò sí ẹni tí ó lè wọ inú ojú ẹlòmíràn lọ wò ó. Àṣà Yorùbá kò dúró de ìdáhùn yẹn kí ó tó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe máa gbé pọ̀. Nídìí òfì, bí àwọ̀ bá dá ìjà sílẹ̀, wọn kì í na ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé aṣọ síta sínú oòrùn, wọ́n á fi ègé wé ègé, wọ́n á sì tún un wò. Sùúrù tí aṣọ ń rí gbà yìí tọ́ sí ọmọ ènìyàn pẹ̀lú.